Má tíì fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, àbúrò

Àbúrò, o ní SS2 sáyẹ́ǹsì lo wà, iṣẹ́ ìwé mẹ́sàn-án lò ń ṣe, o ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ìwé yín, o tún wà nínú ẹgbẹ́ dìbéètì. Bàbá yín wá ní kí o pa méjèèjì tì kí o má baà fìdí rẹmi nínú WAEC. Má tíì pa nǹkan kan tì. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ná.

Bándì ni tèmi, ní Abẹ́òkúta. Trumpet ni mo máa ń fọn. Táàmù kejì bá ti wọlé báyìí, inter-house dé nìyẹn, léraléra là ń dúró lẹ́yìn ilé ìwé kọ́ orin táwọn ọmọ háòsì máa fi yan. Mo máa délé ní agogo mẹ́fà, màá pọnmi, màá jẹ ẹ̀bà, kí n tó ṣí ìwé Físíìsì dé ojú ewé kejì, mo ti sùn lọ fọnfọn.

Gbogbo ilé ní bándì ló ń jẹ àkókò mi. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, àfi ọjọ́ kan tí mo ń ṣọ́ aago. Agogo méjì ààbọ̀ ni wọ́n pè wá. Bándì mástà ò dé àfi mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. A wá kọ́kọ́rọ́ yàrá ìlù títí. Wọ́n tún bá ẹni tó já awọ ìlù wí. Títí a fi túká lágogo márùn-ún, bí mo bá fọn fèrè fún ogójì ìṣẹ́jú, ó pọ̀. Ìdúró ló ń jẹ àkókò mi! Láti ọjọ́ náà ni ìwé kékeré kan ti ń bá fèrè gbé nínú àpótí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ pápá ni mo ti há fọ́múlà sórí. Wọ́n ń pè mí ní Pùrọ́fẹ́sọ̀, mo sì ń jẹ́ ẹ.

Ibòmíì ni mo ti wá ṣubú. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ la máa ń wọ láàbù fún kẹ́mísìrì, bándì náà sì ń bẹ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Mo ní màá gba nóòtì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Mo gbà á, mo há a. Àmọ́ ọwọ́ kì í ka nóòtì. Lọ́jọ́ práktíkà WAEC, mo di burẹ́ẹ̀tì mú, ìyẹn ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń kán ásíìdì, ọwọ́ ń gbọ̀n. Ó yẹ kí ásíìdì máa kán tó, tó, tó, kí n dúró níbi tí methyl orange, aró tó ń fi hàn pé ásíìdì ti tó, bá ti ń kúrò ní yẹ́lò. Mo ṣí i jù, ó pọ́n fòò. Mo tún un ṣe, ó tún pọ́n fòò. D7 ni mo gbà, C6 ni yunifásítì sì ń fẹ́. Ọdún kan gbáko ni mo fi jókòó sílé, tí mo tún ń sanwó GCE, nítorí iṣẹ́ ìwé kan ṣoṣo.

Nítorí náà, gbé tímétébù ìwé àti ti bọ́ọ̀lù síwájú, kí o wo ohun tí o lè sún sí ìgbà mìíì àtèyí tí o kò lè sún. Bàọ́lọ́jì, o lè kà á nínú bọ́ọ̀sì. Ìṣirò, ṣe díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, pàápàá ní ìdájí, torí ara tó ti bọ́ọ̀lù dé ò gba ìṣirò lálẹ́. Láàbù ò ní àtúnṣe nílé. Bí láàbù àti bọ́ọ̀lù bá bọ́ sí ọjọ́ kan náà, láàbù ni kí o lọ. Tí o bá sì dé SS3, mú ẹyọ kan nínú bọ́ọ̀lù àti dìbéètì. Èmi ò rí ẹni tó di méjèèjì mú nígbà náà tí kò rù.

Má bá bàbá yín jiyàn. Mú tímétébù yẹn lọ bá wọn, ẹ jọ wò ó.

Kóòṣì yín ńkọ́? Sọ fún un lónìí, má dúró dọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Èmi ò sọ fún bándì mástà, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ìgbà tí èsì jáde ni mo tó lọ rò fún un pé Ọjọ́bọ̀ ló pa mí. Ó wò mí títí. Ó ní, “Kí ló dé tí o ò wí? Ọjọ́rú ni ǹ bá gbé e sí.”