Provost lọ, adelé dé: ṣé ìwé ẹ̀rí ọmọ mi ò ní di òfo?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Kúbwà ní Àbújá ni mò ń gbé. Ọmọ mi obìnrin wà ní ọdún kẹta NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ kan ní òkè Ọya níbí. Sáà Provost wọn, ìyẹn olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ti parí, igbákejì rẹ̀ ló ń ṣe adelé. Lẹ́tà mẹ́ta ló ti jáde láti ọ́fíìsì adelé náà: àkọ́kọ́ ní kí gbogbo ènìyàn fọkàn balẹ̀, èkejì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì fẹ́ di yunifásítì ẹ̀kọ́, ẹ̀kẹta jẹ́ ti pọ́tàlì tuntun. Ọkùnrin kan nínú gúrúùpù WhatsApp àwa òbí wá sọ pé ìwé ẹ̀rí tí adelé bá fọwọ́ sí kì í dúró, àti pé tí a bá san ₦45,000, òun á bá wa gbé orúkọ àwọn ọmọ wọ yunifásítì tuntun náà kí àyè tó kún. Mo ti san ₦20,000. Ṣé kí n san ìyókù, àbí kí n dúró de Provost tuntun?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀ kan mọ́, Màmá. Ẹ má sì dúró de Provost kankan, torí kò sí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ọmọ yín ń dúró gbà.

Bí ẹ ṣe gbé ìbéèrè yín kalẹ̀, ó dà bíi pé ẹ ti gbà pé orí àga Provost ni ìwé ẹ̀rí ọmọ yín so rọ̀ sí. Gbogbo ìgbà tí olórí bá yí padà nílé-ẹ̀kọ́ kan ni mò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́nu àwọn òbí tó kàwé àti àwọn tí kò kàwé. Inú ń bí mi sí i, nítorí àwọn gbájúẹ̀ kan ti sọ ọ́ di oúnjẹ.

Òfin ló dá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba sílẹ̀. Òfin yẹn náà ló fún un ní orúkọ tirẹ̀ àti èdìdì tirẹ̀. Ó lè ra ilẹ̀, ó lè peni lẹ́jọ́, a sì lè pe òun náà lẹ́jọ́. Ẹni tó jókòó sórí àga lè parí sáà rẹ̀, ó lè kú, wọ́n lè yọ ọ́; ilé-ẹ̀kọ́ wà síbẹ̀. Tí ọba bá wàjà, oyè tó ti fi àwọn ìjòyè jẹ kì í bá a wọlẹ̀. Ọ̀tún ṣì ni Ọ̀tún, bí ìtẹ́ tilẹ̀ ṣófo.

Ẹ wo ọ̀nà tí èsì ìdánwò ọmọ yín ń gbà. Olùkọ́ tó kọ́ ọ ló máa máàkì ìwé ìdánwò rẹ̀. Dípátímẹ́ǹtì á jókòó lé e lórí, ìgbìmọ̀ School tó ni dípátímẹ́ǹtì náà á tún yẹ̀ ẹ́ wò. Fún àwọn tó ń parí bíi tirẹ̀, àwọn olùyẹ̀wò láti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn máa ń wá wo iṣẹ́ wọn. Lẹ́yìn èyí ló tó dé iwájú Academic Board, tó jẹ́ pé ohun tí Sẹ́nétì jẹ́ fún yunifásítì ló jẹ́ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì. Provost tàbí adelé rẹ̀ ni alága níbẹ̀, Registrar, ìyẹn akọ̀wé àgbà, ló ń kọ ìpinnu sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ yẹn ló ń fọwọ́ sí èsì. Ìbuwọ́lù tí ẹ ń rí nísàlẹ̀ ìwé ẹ̀rí kàn ń jẹ́rìí pé ìgbìmọ̀ ti pinnu ni. Kò sí Provost tó lè dá fún ọmọ yín ní NCE, kò sì sí adelé tó lè dá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Adelé ńkọ́? Olórí ni adelé títí wọn ó fi yan ẹlòmíràn, àfi ibi tí lẹ́tà ìyànsípò rẹ̀ bá ti pààlà fún un. Iye àkókò tó lè lò lórí àga ni òfin máa ń ṣọ́. Fún yunifásítì ìjọba àpapọ̀, òfin tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2003 sọ pé sáà kan ṣoṣo, ọdún márùn-ún, ni gíwá, ìyẹn olórí yunifásítì, lè lò, adelé gíwá kò sì gbọdọ̀ kọjá oṣù mẹ́fà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní òfin tirẹ̀, mi ò ní fi ti yunifásítì ka tiyín fún yín. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní adelé kan jókòó kọjá àkókò, ká ní ẹnìkan gbé e lọ sílé ẹjọ́, òun àti àwọn tó yàn án ni ẹjọ́ náà kàn. Ọ̀pọ̀ òfin tó dá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba sílẹ̀ ló ní gbólóhùn kan tó sọ pé àbùkù nínú ìyànsípò ọmọ ìgbìmọ̀, tàbí àyè tó ṣófo láàárín wọn, kò sọ ìpinnu ìgbìmọ̀ di òfo. Àwọn tó kọ òfin mọ̀ pé olórí á máa lọ, á máa bọ̀. Wọn ò fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ ru ẹrù ìjà àwọn àgbà.

Mi ò rí lẹ́tà ìyànsípò adelé tiyín, mi ò sì ka òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn gan-an. Ohun tí mo ń sọ yìí kò lè rọ́pò ìmọ̀ràn agbẹjọ́rò tí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́. Àmọ́ ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì Registrar, mi ò rí ìwé ẹ̀rí kan tó di òfo nítorí pé adelé ló fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àbújá ò tilẹ̀ ní láti wo ibi tó jìnnà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé Yunifásítì Àbújá yóò máa jẹ́ Yunifásítì Yakubu Gowon. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, Ààrẹ tú Ìgbìmọ̀ Olùdarí ibẹ̀ ká, ó yọ gíwá, wọ́n sì yan adelé fún oṣù mẹ́fà. Orúkọ yí, olórí yí, láàárín nǹkan bí oṣù méjì. Síbẹ̀ ẹni tó ti gba dìgírì níbẹ̀ ṣáájú ṣì ń lò ó. Nílé wa náà, Yunifásítì Ifẹ̀ di Obafemi Awolowo University ní ọdún 1987. Orúkọ Ifẹ̀ àtijọ́ ló wà lórí ìwé àwọn tó jáde ṣáájú ọdún yẹn. Wọ́n fi ṣiṣẹ́, wọ́n fi gba ìgbéga, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fi fẹ̀yìn tì.

Irọ́ kejì ló gba owó lọ́wọ́ yín: pé tí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ti di yunifásítì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE á bá a gòkè. Wọn kì í bá a gòkè. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Zaria ti di yunifásítì ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀, ti Kánò náà bẹ́ẹ̀, NCE tí àwọn tó jáde ṣáájú gbà sì ń jẹ́ NCE títí dòní. Bí ìkéde bá jáde lónìí, NUC, àjọ tó ń mójú tó yunifásítì, ṣì gbọ́dọ̀ yẹ ètò ẹ̀kọ́ dìgírì kọ̀ọ̀kan wò kí ó tó fọwọ́ sí i. Tí ọmọ yín bá fẹ́ dìgírì, kí ó parí NCE rẹ̀ ná, kí ó wá gba fọ́ọ̀mù Direct Entry ti JAMB. Ọdún kejì ni ó máa ń wọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, bí èsì NCE àti WAEC rẹ̀ bá bá ohun tí wọ́n ń béèrè mu. Tí wọ́n bá gbà á, orí CAPS, ètò ìgbaniwọlé orí ẹ̀rọ ti JAMB, ni ìgbaniwọlé náà á ti hàn, òun fúnra rẹ̀ ló máa tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà. Ọ̀nà náà nìyẹn. Ẹni tó bá ní òun á gbé orúkọ wọ yunifásítì fún yín láti orí fóònù rẹ̀, jìbìtì ló ń lù yín.

Nínú lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ dárúkọ, ẹ̀kẹta tí ẹ sáré kọjá lórí rẹ̀ ló kan ọmọ yín jù. Àkọ́kọ́ jẹ́ ìkíni. Èkejì jẹ́ ìròyìn ohun tó ń bọ̀. Pọ́tàlì tuntun ni ibi tí ewu wà, nítorí tí wọ́n bá ń kó àkọsílẹ̀ láti ibi kan sí ibòmíràn, nǹkan máa ń já sílẹ̀: kọ́ọ̀sì kan lè sọnù, máàkì TP (iṣẹ́ ìkọ́ni tí wọ́n fi ń dán wọn wò) lè má tẹ̀ lé e, owó tí ẹ ti san lè má hàn. Orúkọ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Adébọ́lá á di Adebọla lójú kan, Bọ́lá lójú kejì, orúkọ bàbá á bọ́ síwájú níbìkan, á padà sẹ́yìn níbòmíràn. Àwọn tó ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wa lẹ́yìn tí wọ́n ti parí ẹ̀kọ́, àwọn tí orúkọ wọn kò dọ́gba ló pọ̀ jù nínú wọn.

Nítorí náà, kí ó wọ pọ́tàlì yẹn lọ́sẹ̀ yìí. Kí ó fi orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ wé ohun tó wà lórí WAEC àti JAMB rẹ̀. Kí ó wo nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, gbogbo kọ́ọ̀sì láti ọdún kìíní, èsì, àti owó tó ti san. Kí ó tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà, kí ẹ fi pamọ́ pẹ̀lú rìsíìtì. Bí ohunkóhun bá sọnù tàbí tí kò bá dọ́gba, kí ó kọ lẹ́tà sí Registrar nípasẹ̀ olórí dípátímẹ́ǹtì rẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà sórí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ọjọ́ tí lẹ́tà pọ́tàlì bá dá tó kọjá. Ìpè fóònù kò tó.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ fún àwọn adelé àti àwọn Provost, torí mo mọ̀ pé díẹ̀ nínú yín ń ka èyí. Ẹ ń kọ lẹ́tà olójú ewé méjì, ẹ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mínísítà, ẹ ń kí Ìgbìmọ̀ Olùdarí, ìlà kan ṣoṣo tí akẹ́kọ̀ọ́ nílò á wá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ fi í sókè. Ẹ sọ ohun tó yí padà, ẹ sọ ohun tí kò yí padà, ẹ sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì kọ ọ́ gbangba pé ilé-ẹ̀kọ́ kò gba owó kankan fún un. Àyè tí ẹ bá fi sílẹ̀ ni àwọn oníjìbìtì ń jókòó sí.

Ó ku ₦20,000 yín. Láti ọdún 2015 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí owó àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ máa wọ àkáǹtì kan ṣoṣo ní Báǹkì Àpapọ̀, torí náà kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn kò ní gba owó sínú àkáǹtì ènìyàn kan. Ẹ lọ sí báǹkì yín lónìí, kì í ṣe lọ́la, kí ẹ sọ fún wọn pé jìbìtì ni, kí ẹ fún wọn ní ọjọ́, iye owó àti nọ́ńbà àkáǹtì tó gbà á. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí WhatsApp rẹ́. Ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tàbí EFCC. Mi ò lè ṣèlérí pé owó náà á padà. Kí ẹ tó kúrò ní báǹkì, ẹ kọ ọ́ sínú gúrúùpù àwọn òbí yẹn pé ẹ ti fẹjọ́ sùn, torí ó ṣeé ṣe kí òbí mìíràn ti fẹ́ san tirẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí.