Àwọn ọmọ ti lọ sọ́dọ̀ Màmá Àgbà: báwo ni tọkọtaya ṣe lè lo ọ̀sẹ̀ kan ní Èkó?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lóṣù Kẹjọ yìí, ìyá ọkọ mi fẹ́ gba àwọn ìbejì wa sọ́dọ̀ ní Abẹ́òkúta fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Láti ìgbà tí a ti bí wọn, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Èmi àti bàbá wọn ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gbà là ń gbé. Mo fẹ́ ká jáde, ká jẹun níta, ká wo eré orí ìtàgé, ká sì gbọ́ olórin lójúkojú. Ọkọ mi ní oorun lòun fẹ́ sùn ní tòun, pé gosiló ọ̀nà Island nìkan á ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Owó wa ò sì pọ̀ jù. Báwo la ṣe máa tò ó? Aṣọ wo lèèyàn sì ń wọ̀ lọ Shrine, ilé orin àwọn ọmọ Fẹlá?

Ìyá Ìbejì, Ọ̀gbà

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Iṣẹ́ mi ni kí n máa to ìgbafẹ́ fún èèyàn ní Èkó, onílé àti àlejò. Ohun tí mo máa ń rí lọ́dọ̀ àwọn tọkọtaya tó bá rí irú àyè yìí ni pé gbogbo ohun tí wọn ò rí ṣe látọdúnmọ́dún ni wọ́n máa fẹ́ kó sínú ọjọ́ méje. Kó tó di Ọjọ́rú, wọ́n ti ń bára wọn jà nínú ọkọ̀ lórí afárá Third Mainland tó lọ sí Island. Bàbá wọn ò jẹ̀bi tán.

Ọjọ́ tí eré bọ́ sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Eré ò ní sún ọjọ́ ẹ̀ nítorí yín, ṣùgbọ́n àmàlà lè di ọ̀la. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìhà afárá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, kí ẹ má bàa máa ré e kọjá lọ, kọjá bọ̀, lójúmọ́ kan.

Ní ti àwọn ọmọ, rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn ń dúró ní Agége, tí kò jìnnà sí yín. Ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Láderin lẹ ti máa sọ̀ ní Abẹ́òkúta. Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àsìkò ọlidé ni. Ẹ fún Màmá lówó oúnjẹ, ẹ kó oògùn àwọn ọmọ lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ sì jọ fẹnu kò sí àkókò kan tí ẹ ó máa pè, bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ jẹun alẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń pè ní wákàtí-wákàtí, Màmá á rò pé ẹ ò fọkàn tán àwọn ni.

Ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ Ajé, ẹ fi sílẹ̀ fún oorun bàbá wọn. Ẹ̀yin náà, ẹ sùn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ lọ jẹ àbùlà ní Àmàlà Ṣítta, Sùúrùlérè. Ẹ débẹ̀ kí ọwọ́ ọ̀sán tó le, torí lẹ́yìn aago méjì, ẹran tó dáa lè ti bá ẹlòmíràn lọ. Àmàlà gbígbóná, gbẹ̀gìrì lápá kan, ewédú lápá kejì, ata lórí, kí ṣàkì àti ògúnfe tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá jẹ ìyẹn tán, kò tún sí ibi tí ẹ fẹ́ mú un lọ lọ́jọ́ náà mọ́.

Ìkẹjà tó sún mọ́ yín ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ gbádùn. Ẹ̀yin ará Ọ̀gbà lẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ ní! Kalakuta Museum wà ní òpópónà Gbẹ́misọ́lá. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ilé Fẹlá, olórin Afrobeat, tí àwọn sójà sun ní 1977 nìyẹn. Rárá o, tibẹ̀ yẹn wà ní ìhà Mọ́ṣáláṣí. Èyí ni ilé tí Fẹlá ń gbé títí ó fi kú ní 1997, iwájú ilé náà ni wọ́n sì sin ín sí. Wọ́n sọ ọ́ di mùsíọ́ọ̀mù ní 2012. Yàrá ẹ̀ ṣì wà bó ṣe fi í sílẹ̀, bàtà ẹ̀ tò lọ rẹrẹ, pátá ẹ̀ pàápàá wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń han èèyàn. Ilé ọtí wà lórí òrùlé, ẹ gùn ún lọ nírọ̀lẹ́.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, Shrine ní Agídíngbí. New Afrika Shrine lórúkọ ẹ̀ gan-an, Fẹ́mi àti Yẹni, àwọn ọmọ Fẹlá, ló dá a sílẹ̀ ní 2000. Tí Fẹ́mi bá wà ní Èkó, Ọjọ́bọ̀ ló sábà máa ń ṣe ìdánrawò ní gbangba, ó sì ń ṣeré lálẹ́ Àìkú. Èmi fẹ́ràn ti Ọjọ́bọ̀: èrò ò pọ̀ tó ti Àìkú, ẹ ó sì rí i bó ṣe máa ń dá orin dúró láàárín kí ó lè tún ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ṣe. Ṣùgbọ́n àsìkò yìí náà ló máa ń rìnrìn-àjò lọ ṣeré lókè òkun, nítorí náà ẹ wádìí kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Eré kì í tètè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Èéfín sì pọ̀, kì í ṣe ti sìgá nìkan. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ikọ́ fée, ẹ jókòó sí eteetí.

Island ló kù. Òtẹ́ẹ̀lì alẹ́ méjì, Ẹtì àti Àbámẹ́ta, ni owó yín máa lọ sí jù, mi ò sì rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ ọ ná. Tówó ò bá ká a, ẹ sun Àbámẹ́ta nìkan. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Oníkàn, ní John Randle Centre, níbi tí wọ́n ti ń sọ ìtàn àti àṣà àwa Yorùbá, kẹ́ ẹ wá rìn lọ sí Freedom Park nírọ̀lẹ́. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀, àwọn Òyìnbó ló kọ́ ọ ní 1882. Wọ́n ti Awólọ́wọ̀ mọ́bẹ̀ rí. Ní 2010 ló di ọgbà ìgbafẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn ni wọ́n kọ́ ìtàgé ńlá sí, àwọn olóúnjẹ sì wà níbi tí ilé ìdáná ẹ̀wọ̀n wà. Ẹ ra ẹja yíyan, kẹ́ ẹ jókòó de ẹgbẹ́ olórin.

Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, kí oòrùn tó mú, ẹ gun afárá orí igi ní Lekki Conservation Centre. Irínwó mítà ó lé ọ̀kan ni gígùn ẹ̀, ó sì máa ń mì. Tí òjò bá ti ṣú, ẹ fi í sílẹ̀. Láti ibẹ̀, Nike Art Gallery, àjà mẹ́rin tó kún fún iṣẹ́ ọnà, ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́yìn náà, Terra Kulture, ilé àṣà àti eré orí ìtàgé ní Victoria Island, tí Bọ́láńlé Austen-Peters dá sílẹ̀ ní 2003. Ilé oúnjẹ wà nínú ọgbà kan náà, nítorí náà ẹ jẹun síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé eré. Tí eré bá wà, wọ́n sábà máa ń ṣe é lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ti ọ̀sán ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ lè rí alẹ́ lò fúnra yín.

Tí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ wọkọ̀ ojú omi lọ Tarkwa Bay, ẹ ní ó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òkun máa ń ru lásìkò yìí.

Ní ti aṣọ, jíǹsì àti ẹ̀wù àńkárá ti tó fún Shrine, pẹ̀lú bàtà pẹlẹbẹ. Ẹ má wọ góòlù, ẹ má sì lọ fọ irun yín lọ́jọ́ náà, èéfín á bá a délé. Fún Terra, ẹ múra bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ mú súwẹ́tà dání; ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ ò mọ̀ pé òjò ń rọ̀ níta.