Ìtàkùn ivy gourd lórí igi máńgòrò: ẹ má tíì mú àdá

Ẹ kú oríire ilé tuntun o. Ẹ ní ìtàkùn kan ti bo fẹ́ǹsì ilé tí ẹ rà ní Kona ní Hawaii, ó ti gun máńgòrò dé orí, òdòdó rẹ̀ funfun, èso rẹ̀ pupa, ẹ sì ń bèèrè bóyá kí ẹ gé e lọ́jọ́ Sátidé tàbí kí ẹ máa fi ewé rẹ̀ se ọbẹ̀ bíi ti àwọn ará Thailand àdúgbò yín. Ivy gourd ni, òun ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Coccinia grandis. Ó pẹ́ tí èmi àti ẹ̀ ti ń bá ara wa fà á ní erékùṣù Oʻahu níbí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì mú àdá.

Abẹ́ ilẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń wú, ibẹ̀ ló ń kó oúnjẹ pamọ́ sí, nítorí náà bí ẹ bá gé òkè rẹ̀ lónìí, kò ní pẹ́ tí yóò tún rú. Èyí tó burú jù ni pé ẹ̀ka tí ẹ gé sílẹ̀ náà lè ta gbòǹgbò bó bá kan ilẹ̀ tútù. Àwọn kan tó wá fi ẹ̀rọ gé koríko lẹ́yìn fẹ́ǹsì wa gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n sì gbá a jọ sí etí gọ́tà. Nígbà tí òjò dé, gbogbo etí gọ́tà hu ìtàkùn. Igun kan ṣoṣo ni mo ń bá jà tẹ́lẹ̀; ó di gbogbo ojú pópó.

Ìdí rẹ̀, níbi tó ti yọ nílẹ̀, ni kí ẹ wá. Ẹ tọ ìtàkùn náà láti òkè wá sílẹ̀, kí ẹ so aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ títàn mọ́ ìdí kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá rí, nítorí ìdí tó ń gun igi kan ṣoṣo lè pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi oògùn koríko triclopyr, èyí tí wọ́n fi epo pò, fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ara ìtàkùn nítòsí ilẹ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi í sílẹ̀ lórí igi bó ṣe wà. Ẹ má gé e, ẹ má fà á, kí oògùn lè ráyè sọ̀ kalẹ̀ dé gbòǹgbò. Kò ní dára lójú. Ewé á pọ́n, á gbẹ, á máa já bọ́ díẹ̀díẹ̀, àwọn aládùúgbò á sì máa bi yín léèrè. Ẹ ní sùúrù.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún máńgòrò yín, torí triclopyr lè pa igi náà gan-an. Níbi tí ìdí ìtàkùn bá ti lẹ̀ mọ́ ìdí igi pẹ́kípẹ́kí, èmi kì í lo oògùn rárá: mo máa ń wa gbòǹgbò yẹn jáde ni, tòun ti gbogbo wàhálà rẹ̀. Àwọn kéékèèké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, ẹ fi ọwọ́ fà wọ́n tu lẹ́yìn òjò.

Akọ rẹ̀ dá dúró, abo rẹ̀ dá dúró. Abo nìkan ló ń so, àwọn ẹyẹ ló sì ń jẹ èso pupa yẹn tí wọ́n ń yàgbẹ́ kóró rẹ̀ káàkiri. Nítorí náà, èyí tó ní èso ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Èyí kò mọ sí ọgbà yín nìkan o. Lápá ibi tí ẹ wà yẹn ni ìyókù igbó ilẹ̀ gbígbẹ Hawaii wà, níbi tí ẹ ti lè rí igi wiliwili tí kò hù fúnra rẹ̀ níbòmíràn láyé. Ìtàkùn yìí máa ń bo igi títí igi ò fi ní rí oòrùn mọ́. Ó máa ń dùn mí wọra bí mo bá rí i lórí igi ìbílẹ̀.

Ní ti jíjẹ, ó ṣeé jẹ. Ẹbí ẹ̀gúsí àti ejìnrìn ni, mo ti fi ọ̀mùnú rẹ̀ se ọbẹ̀, ó dùn. Ṣùgbọ́n torí pé ó ṣeé jẹ ni àwọn èèyàn ṣe ń gbé e láti erékùṣù dé erékùṣù. Ìjọba Hawaii ti kà á mọ́ àwọn èpò burúkú. Ẹ já ewé tó wà níwájú yín, ẹ má gbìn ín, ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní igi rẹ̀. Eṣinṣin tó ń ba kùkúńbà àti elégédé jẹ́ máa ń yé ẹyin sínú èso rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìjọba kó kòkòrò wá láti Kenya láti bá a jà: àfòpiná kan ní 1996, tí ìdin rẹ̀ ń gbẹ́ inú igi ìtàkùn, àti àwọn kòkòrò kéékèèké ajẹwé ní 1999. Láwọn àkókò kan wọ́n máa ń lu ewé tó wà lọ́dọ̀ wa bí ajere. Wọ́n ń dín in kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò tíì rí i kí wọ́n pa á tán. Bí ẹ bá rí ihò wẹ́wẹ́ lára ewé tiyín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fín oògùn kòkòrò síbẹ̀.