Ṣé orúnkún màmá mi á gbé Òkè Ìdànrè?

Ìbéèrè: Bọ̀ọ́dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn la wà, mo fẹ́ mú màmá mi tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún àtàwọn ọmọ mi méjì lọ wo ìlú àtijọ́ tó wà lórí Òkè Ìdànrè. Wọ́n ní àtẹ̀gùn ibẹ̀ ò lóǹkà, orúnkún sì máa ń dun màmá. Ṣé wọ́n á lè gùn ún? Ìgbà wo ló dáa ká lọ, ṣé ká lọ ká bọ̀ lọ́jọ́ kan náà?

Ìdáhùn: Àǹtí mi, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Àtẹ̀gùn yẹn lóǹkà o, ó fi díẹ̀ lé ní 600, ibi ìsinmi 5 ló sì wà lójú ọ̀nà téèyàn lè jókòó sí kó mí díẹ̀. Ẹ má sọ 600 létí màmá rárá, ibi ìsinmi tó kàn ni kẹ́ ẹ máa dárúkọ fún wọn. Mo ti mú àwọn tó jù wọ́n lọ gòkè, tí wọ́n rọra ń gùn ún tí wọ́n ń sọ̀tàn, kódà àwọn ọ̀dọ́ tó fi eré bẹ̀rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jókòó tí wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Sísọ̀kalẹ̀ lẹ fi máa ṣọ́ra, torí bíbọ̀ ló máa ń dun orúnkún ju lílọ. Ẹ wá ọ̀pá fún màmá, kí ẹnì kan máa lọ níwájú wọn, kí wọ́n fẹ̀gbẹ́ sọ̀ díẹ̀ níbi tó bá ga.

Àmọ́ kì í ṣe àtẹ̀gùn ló ń bà mí lẹ́rù nídìí iṣẹ́ yìí, àpáta tútù ni. Tẹ́ ẹ bá kúrò lórí àtẹ̀gùn, orí àpáta gan-an lẹ máa rìn láwọn ibì kan, tójò bá wá rọ̀, ewéko tó lẹ̀ mọ́ ọn á máa yọ̀ bí ìgbà téèyàn tẹ ọbẹ̀ ilá. Lọ́dún kan mo gbà fáwọn kan pé ká gòkè ní aago méjì ọ̀sán nínú oṣù Kẹfà, torí pé wọ́n bẹ̀ mí, òjò ká wa mọ́ òkè, ìdí ni púpọ̀ nínú wa fi sọ̀ kalẹ̀ níbì kan, ṣòkòtò tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà ò ṣeé wọ̀ mọ́. Látìgbà yẹn, tó bá ti kọjá aago mọ́kànlá tójú ọ̀run sì ṣú, mi ò gbé ẹnikẹ́ni lọ, kó bínú tó bá fẹ́.

Nítorí náà ẹ má gbéra láti Ìbàdàn láàárọ̀ pé ẹ fẹ́ gùn ún lọ́jọ́ náà, ọ̀sán lẹ máa débẹ̀, àpáta á ti gbóná bí agbada. Ẹ gba Ifẹ̀ àti Iléṣà wọ Àkúrẹ́, kẹ́ ẹ sùn níbẹ̀. Láti Àkúrẹ́ sí Ìdànrè ò ju nǹkan bíi kìlómítà 25 lọ, aago méje ààbọ̀ kẹ́ ẹ ti wà nídìí òkè. Oṣù Kọkànlá ni èmi fẹ́ràn jù, òjò ti ń lọ, ewé ṣì tutù, ọyẹ́ ò sì tíì bo òkè lójú.

Lókè lọ́hùn-ún, ilẹ̀ á wá tẹ́ fún yín. Àfonífojì ni, àpáta ńláńlá yí i ká bí ìgbà téèyàn gbé ìlú kan sínú abọ́, Òkè Òrósùn tí wọ́n ń bọ sì ga nítòsí. Ibẹ̀ làwọn ará Ìdànrè gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wá sísàlẹ̀ láwọn ọdún 1920. Ẹ yà sí ààfin àtijọ́ Ọwá, ọba Ìdànrè, ẹ jókòó lágbàlá ẹ̀ kẹ́ ẹ wo àwọn òpó tí wọ́n gbẹ́ ère sí, ẹ má kàn ya fọ́tò kẹ́ ẹ jáde. Ilé ẹjọ́ àtijọ́ náà wà ńbẹ̀, ó kéré débi pé àwọn ọmọ yín á bi yín pé níbo làwọn èèyàn ń dúró sí. Wọ́n á tún mú yín lọ wo ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn, ẹni inú ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn, lórí àpáta, wọ́n ní ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn ló máa ń bá a mu àyàfi ti àjẹ́. Èmi kì í sọ ìyẹn níwájú ìyá arúgbó, pàápàá tó bá jẹ́ ìyá ọkọ ló bá wọn wá. Ẹ sọ fáwọn ọmọ kí wọ́n má kọ orúkọ sára ohunkóhun, láti 2007 ni wọ́n ti fi ibẹ̀ sórí ìwé àwọn ibi tó ń retí kí àjọ UNESCO kà wọ́n mọ́ ibi àjogúnbá àgbáyé.

Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ tí agbára ṣì kù, ẹ rìn yí ká Odòde, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè, kẹ́ ẹ dé Aládé àti Àtòsìn tó jẹ́ ara Ìdànrè náà. Àsìkò kòkó ni oṣù Kọkànlá, ẹ máa rí i tí wọ́n sá a sí ẹ̀gbẹ́ títì, òórùn ẹ̀ á máa ta kíkan bí ọtí. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ o. Tẹ́ ẹ bá kí àgbẹ̀ dáadáa, ó lè la tútù kan fáwọn ọmọ, kí wọ́n lá omi funfun ara ẹ̀ kí wọ́n tu kóró ẹ̀ dànù.

Bàtà kánfáàsì ni kẹ́ ẹ wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì, kẹ́ ẹ ra omi nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ gba gáìdì ní géètì, owó ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ yanjú. Tí màmá bá dé ibi ìsinmi kẹta tí wọ́n ní ó tó, ẹ má tì wọ́n. Kẹ́ ẹ jókòó tì wọ́n, káwọn ọmọ máa bá gáìdì lọ, láti ibẹ̀ náà wọ́n á máa wo gbogbo páànù Odòde nísàlẹ̀.