Ẹ Bi Wá: Àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, èwo ló yọná rí, èwo ni kò yọná?

Àwòrán òkè pupa tó wà lẹ́yìn ìwé wa tó jáde kẹ́yìn ló fa àwọn lẹ́tà yìí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló pe gbogbo irú òkè bẹ́ẹ̀ ní òkè ayọnáyèéfín. Àwọn kan jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àwọn kan ò sì mọ iná rí láyé wọn.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Olúmọ ò jìnnà sí ilé wa. Àwọn òkè pupa inú àwòrán yín, tí orí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tábìlì, ṣé òkúta bíi Olúmọ náà ni? Kí ló gé wọn lórí? (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)

Rárá o, àtinú ni wọ́n ti yàtọ̀. Òkúta akọ ni Olúmọ àti àwọn òkè Ìdànrè. Abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni àpáta yíyọ́ ti dì di òkúta yẹn, ní ohun tó lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí òjò fọ ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ, ó yọrí síta. Kò ní ìpele nínú, nítorí náà ṣe ló ń bó léèpo léèpo bí àlùbọ́sà, orí rẹ̀ sì ń rí roboto.

Ti inú àwòrán wa, Monument Valley ni, ní ilẹ̀ àwọn Navajo, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà, lórí ààlà Arizona àti Utah. Ìpele ìpele ni tiwọn, bí aṣọ tí wọ́n ká lé ara wọn. Òkúta amọ̀ tó rọ̀, tí wọ́n ń pè ní Organ Rock, ló wà nísàlẹ̀. Òun ló ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní ìdí òkè. Òkúta oníyanrìn De Chelly ló tẹ̀ lé e: ó le, ó dúró ṣánṣán bí ògiri. Yanrìn tí atẹ́gùn gbá jọ nínú aṣálẹ̀ àtijọ́ ló di òkúta yìí. Lókè téńté ni Moenkopi àti Shinarump wà, wọn ò nípọn, àwọn ló sì ṣe ìdérí. Ìdérí yẹn lẹ rí tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sẹ́ni tó gé wọn lórí: ibi tí ilẹ̀ ga dé nígbà kan ni orí wọn wà yẹn, kí odò àti àgbàrá tó kó ilẹ̀ tó yí wọn ká lọ.

Bó ṣe ń lọ rèé. Omi òjò ń jẹ òkúta amọ̀ ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ ògiri sì ń dòfìfo. Ògiri fúnra rẹ̀ ní sísán tó ti òkè wá sílẹ̀. Omi á wọ inú sísán, á di yìnyín lóru ìgbà òtútù, á wú, á sì fẹ ibẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ kan, odindi ògiri á ya lulẹ̀. Ojú sísán ló ti ya, nítorí náà ògiri tó kù lẹ́yìn á tún dúró ṣánṣán bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òkè fi ń tín-ín-rín sí i láìkúrú. Àmọ́ bí ìdérí bá ti tán lórí rẹ̀, kì í pẹ́ di òkìtì. Ọ̀pọ̀ ìwé ń sọ pé atẹ́gùn ló gbẹ́ wọn. Atẹ́gùn ń fọwọ́ kàn án ni; omi ló ṣiṣẹ́, kódà nínú aṣálẹ̀. Ní ti àwọ̀ pupa, irin inú yanrìn ló dípẹtà, ohun kan náà tó ṣe páànù Ìbàdàn.

Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín mesa àti butte? (Akẹ́kọ̀ọ́, Òṣogbo)

Tábìlì ni mesa lédè Sípéènì: ó fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ń ya lulẹ̀ títí tó fi ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, ó di butte, ọ̀rọ̀ Faransé tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní "biúùtì". Bí butte bá tún jẹ jù, òpó ló kù. Kò sẹ́ni tó ń gbé okùn ìwọ̀n lọ síbẹ̀, ẹ má torí orúkọ bá ẹnikẹ́ni jà.

Ọmọ mi tó ń gbé ní Bend, ní Oregon, fi àwòrán Pilot Butte ránṣẹ́ sí mi. Orí rẹ̀ ò tẹ́, òkúta ibẹ̀ sì dúdú, ó pọ́n. Ó ní òkè ayọnáyèéfín ni. Báwo ló ṣe wá ń jẹ́ butte? (Ìyá kan, Ìjẹ̀bú-Òde)

Òótọ́ lọmọ yín sọ, Mà. Ìrísí ni butte ń sọ, kò sọ ibi tí òkè ti ṣẹ̀ wá. Lápá Oregon, òkè èyíkéyìí tó bá dá dúró gedegbe ni wọ́n ń fi orúkọ yẹn pè.

Òkìtì ìdàrọ́ ni Pilot Butte, òun àti Lava Butte tó wà ní gúúsù ìlú náà. Ẹni tó bá ti rí ohun tó ń ṣẹ́ kù ní ìdí iléru àwọn alágbẹ̀dẹ á mọ irú òkúta tí à ń wí. Gáàsì tó wà nínú àpáta yíyọ́ ló ń tú u jáde bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó ti jì. Ó ń fọ́n sókè ní kékeré kékeré, ó ń tutù kó tó balẹ̀, ó sì ń kó jọ yí ẹnu ihò ká. Ìdí tó fi fúyẹ́ nìyẹn, tó sì kún fún ihò bíi kànìnkànìn. Nǹkan bí 7,000 ọdún sẹ́yìn ni Lava Butte yọná, ó sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 500 lórí ilẹ̀ tó yí i ká. Nígbà tí gáàsì dín kù, àpáta yíyọ́ tó nípọn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, àmọ́ kò gba orí òkìtì náà. Ìdàrọ́ tí kò lẹ̀ mọ́ra ò lè dá ohun tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ dúró. Ìdí òkìtì ló ti lu jáde ní gúúsù, ó sì ṣàn títí dé inú odò Deschutes. Tẹ́ ẹ bá wá lọ sí Colorado, Crested Butte tún yàtọ̀: abẹ́ ilẹ̀ ni àpáta yíyọ́ tiẹ̀ há sí, kò rí ọ̀nà jáde, ó sì dì síbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá wọn mọ̀, ẹ kọ́kọ́ dúró lókèèrè. Bí ìlà bá dábùú ara òkè, tí irú ìlà kan náà sì wà lára òkè kejì ní gíga kan náà, ilẹ̀ àtijọ́ tó ṣẹ́ kù ni. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tó ń yọ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀, tí orí rẹ̀ sì tẹ̀ wọnú bí àwo, òkìtì ìdàrọ́ ni. Bí kò bá ní ìlà tó dábùú, tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, àpáta yíyọ́ tó dì sínú ilẹ̀ ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ni pé sísán òòró tó wà lára òkúta oníyanrìn máa ń jọ òpó láti òkèèrè. Ẹ wá ìlà tó dábùú kọjá lára sísán náà. Tó bá wà, yanrìn ni. Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ lo gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá lọ́nà 10. Yanrìn á hàn ní hóró hóró bíi ṣúgà. Ti àpáta yíyọ́ á hàn bí ara eérú tó ṣù pọ̀, tí hóró funfun kọ̀ọ̀kan há sínú rẹ̀. Ẹ má ki òkúta bọ àpò o: òfin kọ̀ ọ́ nínú ọgbà ìjọba.

Mo rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kùkùté igi ńlá ayé àtijọ́ ni Devils Tower tó wà ní Wyoming. Ṣé òótọ́ ni? (Ọmọ iléèwé, Ìlọrin)

Irọ́ ni. Òkúta phonolite ni, irú òkúta kan tí àpáta yíyọ́ ń dì dà, nǹkan bí 50 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ló sì dì. Láti ìdí dé orí rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 867.

Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni òpó ara rẹ̀ tó jọ èèpo igi. Rántí ẹrẹ̀ ojú adágún nígbà ọyẹ́: bó ṣe ń gbẹ ló ń sún kì, bó ṣe ń sún kì ló ń sán. Òkúta gbígbóná náà ń sún kì bó ṣe ń tutù. Ojú ibi tó kọ́kọ́ tutù ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀, á sì máa wọlé lọ bí òtútù ṣe ń wọlé. Igun mẹ́fà ló máa ń fẹ́ ní, nítorí pé bí sísán mẹ́ta bá pàdé ní ìwọ̀n kan náà, ìnira tó wà nínú òkúta ń tú dọ́gba. Àmọ́ ka òpó náà dáadáa, wàá rí oníigun márùn-ún, mẹ́rin àti méje. Bí òkúta bá ṣe ń falẹ̀ tutù tó ni òpó rẹ̀ ń sanra tó. Àwọn òpó ibẹ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 10 nísàlẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá ọ̀fun òkè ayọnáyèéfín ni tàbí àpáta yíyọ́ tí kò jáde síta rárá. Kò sí ẹni tó ń jiyàn igi láàárín wọn.

Shiprock ní New Mexico ni kí o wò tó o bá fẹ́ rí ọ̀fun tí kò ṣeé jiyàn. Abẹ́ ilẹ̀ ló wà nígbà tí òkè orí rẹ̀ ń yọná. Òkè ti fọ́ lọ, ọ̀fun rẹ̀ ló kù, ó ga ju pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,580. Ògiri òkúta tóóró nà láti ìdí rẹ̀ lọ ní máìlì púpọ̀: sísán ilẹ̀ tí àpáta yíyọ́ kún ni wọ́n. "Òkúta oníyẹ̀ẹ́" ni àwọn Navajo ń pè é. Òkè Wase ní ìpínlẹ̀ Plateau níbí jẹ́ ọ̀fun bẹ́ẹ̀ náà.

Ilé béárì ni àwọn Lakota, ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà mìíràn, ń pe Devils Tower. Lóṣù Kẹfà tí wọ́n ń jọ́sìn níbẹ̀, ìjọba ń bẹ àwọn agunkè pé kí wọ́n má gùn ún.

Tacoma, ní Washington, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lójoojúmọ́ ni mò ń rí Mount Rainier. Ṣé kí n máa bẹ̀rù ẹ̀? Àti pé ṣé àwọn èèyàn lè gun St. Helens? (Nọ́ọ̀sì kan, Tacoma)

Kì í ṣe iná Rainier ló yẹ kí ẹ máa rò, ẹrọ̀fọ̀ ni. Òkè náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà 14,410, yìnyín tó nípọn bò ó, omi gbígbóná olóró tó wà nínú rẹ̀ sì ti sọ apá kan òkúta rẹ̀ di amọ̀. Apá bẹ́ẹ̀ lè ya, kó po mọ́ omi, kó sì máa sáré gba àfonífojì lọ bíi kọnkéré tútù, kódà láìjẹ́ pé òkè yọná. Ní nǹkan bí 5,600 ọdún sẹ́yìn, irú ẹ̀ dé etí omi Puget Sound. Tó bá jẹ́ orí ilẹ̀ gíga lẹ ń gbé, ọkàn yín lè balẹ̀. Tó bá jẹ́ àfonífojì Puyallup tàbí Orting, ẹ wá ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gun òkè, ẹ sì rìn ín wò kí ọjọ́ tó pé. Bí fèrè ìkìlọ̀ bá dún, ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sókè. Ẹ má wọ mọ́tò sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ má padà lọ mú báàgì.

St. Helens ti fi hàn bí òkè ṣe ń ya. Láti oṣù Kẹta 1980, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní àríwá ń wú ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5 lójúmọ́. Ní aago 8:32 àárọ̀ ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún, ilẹ̀ mì, ẹ̀gbẹ́ tó wú náà ya lulẹ̀, ohun tó há sínú sì bú jáde sí ẹ̀gbẹ́. Èèyàn 57 kú. Òkè náà kúrú ní ẹsẹ̀ bàtà 1,314.

Àwọn èèyàn ń gùn ún. Ìwé àṣẹ pọn dandan fún ẹni tó bá máa kọjá ẹsẹ̀ bàtà 4,800. Láti oṣù Kẹrin dé ìparí oṣù Kẹwàá, iye tí wọ́n ń tà lóòjọ́ ní gbèdéke, ẹ tètè rà á. Ọ̀nà Monitor Ridge ni ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn: máìlì 5 ní àlọ, ẹ ó sì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 4,500. Wákàtí 7 sí 12 ni àlọ àti àbọ̀. Igbó ló kọ́kọ́ wà, òkúta gàǹgà gàǹgà tẹ̀ lé e, eérú ló kẹ́yìn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ awọ, torí òkúta ibẹ̀ ń ya ọwọ́. Ẹ gbé omi lítà 3 ó kéré tán. Ẹ mú gíláàsì tó bo ojú pátápátá, torí atẹ́gùn ń gbé eérú dìde. Ohun méjì ló ń ṣe àwọn agunkè léṣe jù. Èkíní ni yìnyín etí ihò ńlá orí òkè: ó yọ síta bí ìbòrí ilé, kò sí nǹkan lábẹ́ ẹ̀, ẹni tó dúró lé e ò sì ní mọ̀. Ẹ má sún mọ́ etí tí yìnyín bá wà níbẹ̀. Èkejì ni kùrukùru nígbà àbọ̀. Òkè ṣe rìbìtì, bí ẹ bá fi díẹ̀ yà lókè, àfonífojì mìíràn lẹ ó já sí nísàlẹ̀. Ẹ fi fóònù sàmì sí ọ̀nà nígbà tí ẹ ń lọ.

Láti Houston, a fẹ́ wa ọkọ̀ gbé àwọn ọmọ lọ wo Monument Valley. Kí ló yẹ ká mọ̀? (Bàbá kan, Houston)

Ọgbà àwọn Navajo ni. Káàdì ọgbà ìjọba àpapọ̀ ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọtí kò bófin mu nílẹ̀ wọn, dúróònù náà ò gbọ́dọ̀ fò nínú ọgbà wọn, gígun òkè sì jẹ́ èèwọ̀, ti Shiprock pàápàá. Aago lè dà yín láàmú: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn Navajo ń sún aago síwájú, Arizona tó kù kì í sún un, fóònù yín á sì máa pààrọ̀ bó ṣe wù ú. Ẹ béèrè aago lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀nà máìlì 17 tó yí àárín àwọn òkè náà ká ò ní ọ̀dà. Ọkọ̀ kékeré lè gbà á nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, bẹ́ ẹ bá rọra. Ẹ má dá ọkọ̀ dúró sínú yanrìn rírọ̀, ẹ má sì wọ̀ ọ́ lẹ́yìn òjò. Láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, òjò tó rọ̀ níbòmíràn lè kó àgbàrá wá bá yín lábẹ́ oòrùn. Gálọ́ọ̀nù omi kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ni kẹ́ ẹ gbé.

Ní ti fọ́tò, ìlà-oòrùn ni ẹ ó kọjú sí tẹ́ ẹ bá dúró níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò. Láàárọ̀, oòrùn wà lẹ́yìn àwọn òkè, dúdú ni wọ́n á rí. Nírọ̀lẹ́ ló ń tàn sí wọn lójú. Ní ìparí oṣù Kẹta àti àárín oṣù Kẹsàn-án, bí oòrùn bá fẹ́ wọ̀, òjìji West Mitten máa ń bọ́ sára East Mitten gẹ́lẹ́, butte méjì tó wà níwájú yín níbẹ̀.