Kílò Mélòó Ni Kí N Gbé? Ìdáhùn Sí Ìbéèrè Yín Lórí Irin Ìdárayá Nílé

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 46 ni mí, àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú. Mo fẹ́ máa fi dọ́mbẹ́ẹ̀lì, irin tí a ń fi ọwọ́ kan gbé, ṣe eré ìdárayá nílé. Ẹni tó ń tà á ní kí n mú oníkílò márùn-ún méjì, pé òun ni gbogbo obìnrin ń rà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Ìyá Ìbejì, kílò 5 kò burú, àmọ́ òǹtajà yẹn kò bi yín ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Ohun tí itan lè gbé, apá tí a nà kò lè gbé e. Irin tí ẹ máa dì mọ́ àyà kí ẹ tó lóṣòó kí ẹ sì dìde lè jẹ́ kílò 8 tàbí 10. Èyí tí ẹ máa nà sí ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi bá èjìká dọ́gba, kílò 1 tàbí 2 máa ń tó obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kílò 5 nìkan á fúyẹ́ jù fún ìsàlẹ̀ ara, á sì wúwo jù fún èjìká.

Ẹ gbé irin náà, kí ẹ máa kà. Bí ẹ kò bá tíì ka 8 tí ara ti ń fì, tí ẹ̀yìn ti ń tẹ̀, ó wúwo jù. Bí ẹ bá ka 15 tí ẹ ṣì ń bá ará ilé sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó fúyẹ́ jù. Èyí tó bá yín mu ni èyí tí ẹ máa gbé dé 10 tàbí 12, tí ẹ sì mọ̀ lára pé ó ku bíi méjì péré tí ẹ ṣì lè gbé dáadáa. Ẹ dúró níbẹ̀, ẹ sinmi ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ tún un ṣe. Iye tí ẹ gbé kí ẹ tó sinmi ni à ń pè ní ọ̀wọ́ kan. Ọ̀wọ́ mẹ́ta ti tó, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ ìsinmi máa wà láàárín. Ẹ máa mí síta bí ẹ bá ń gbé e sókè. Ẹ má sé èémí. Bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ kọ́kọ́ bá dókítà yín sọ̀rọ̀.

Kí ẹ tó náwó, ṣebí kẹ́ẹ̀gì wà nílé? Lítà omi kan jẹ́ kílò kan, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tó kún fi díẹ̀ ju kílò 5 lọ. Ẹ rọ ọ́ kún dẹ́nu, torí omi tó ń mì nínú kẹ́ẹ̀gì tí kò kún máa ń fa ọrùn ọwọ́ sọ́tùn-ún sósì. Bí ẹ bá rọ yanrìn gbígbẹ kún un dípò omi, ó lè tó kílò 8.

Bí owó bá wá délẹ̀, èyí tó ṣeé tú ni kí ẹ rà: ọ̀pá méjì, àwo irin oníkílò 1.25, 2.5 àti 5, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì mẹ́rin tí ẹ ó fi dè wọ́n mọ́ ọ̀pá. Ẹ bèèrè ìwọ̀n ọ̀pá náà, torí òun fúnra rẹ̀ lè tó kílò méjì, kí ẹ sì máa kà á mọ́ ọn. Ẹ fún nọ́ọ̀tì le kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń tú díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbé e, ẹsẹ̀ yín ni àwo irin náà sì máa já lé.

Kílò 5 ni mo ń gbé sókè orí tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fúyẹ́, mo ra oníkílò 10, àmọ́ èjìká ti ń dùn mí. Ṣé kí n fara dà á? — Ọ̀dọ́kùnrin, Láfẹ́nwá

Má fara dà á rárá. Ìlọ́po méjì lo fò yẹn, èjìká kì í sì í fò bẹ́ẹ̀. Bí irin bá wúwo jù lókè orí, ẹ̀yìn á tẹ̀, ìgúnpá á yà síta, oríkèé èjìká á wá gba ẹrù tó yẹ kó jẹ́ ti iṣan. Kódà láti 5 sí 7.5, ìdajì lo fi kún un. Nígbà tí èjìká bá ti fúyẹ́, padà sí kílò 5, gbé e dé ìgbà 15, kí o sì máa fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sọ ọ́ kalẹ̀. Bí o bá ṣe ọ̀wọ́ mẹ́ta báyìí láìfì, ìgbà yẹn ni kí o bọ́ sí kílò 7.5, wàá sì rí i pé ìgbà 8 péré ni wàá kọ́kọ́ lè gbé e. Má tíì ta 10 yẹn o: bẹ̀rẹ̀, fi ọwọ́ kan ti àga, kí o máa fi ọwọ́ kejì fà á wá sí ìbàdí. Ẹ̀yìn á gbà á.

Kí ara máa ro ni lọ́jọ́ kejì kò ṣe nǹkan kan. Ìrora tó ń gún oríkèé lásìkò tí o ń gbé irin lọ́wọ́ ni kí o sá fún. Bí o bá fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lọ, jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ọ́ wò ní FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Àbà.

Wọ́n fẹ́ ta irin tòkunbọ̀ fún mi ní Kútọ̀. Wọ́n kọ 10 sí i lára, ó sì ti dípẹtà. — Bàbá Ṣadé

Bàbá, ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé 10 yẹn. Bó bá jẹ́ LB, ìyẹn ìwọ̀n pọ́n-ùn, kílò 4.5 péré ni. Ẹ pín iye LB sí 2.2, ẹ ó rí kílò rẹ̀. Bí àmì náà bá ti pa rẹ́, ẹ gbé irin náà dání gun òṣùwọ̀n, kí ẹ tún gùn ún láìgbé e, kí ẹ yọ ọ̀kan nínú ìkejì. Ìpẹtà tó wà lójú irin nìkan kì í ṣe ìjà: ẹ fi sáńpépà họ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á, kí ẹ sì máa nu òógùn kúrò lára rẹ̀ lẹ́yìn eré. Onírọ́bà tí wọ́n rọ sìmẹ́ńtì sí nínú ni kí ẹ má rà bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ táìlì. Bó bá já lulẹ̀, òun àti táìlì lè jọ fọ́.