Ọjọ́ tí òtútù mú jù ni bọ́ílà wa kú

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ọmọ ọwọ́, tẹ́ ẹ ń bèèrè ohun tẹ́ ẹ lè ṣe sílẹ̀ kí bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì mú omi àti ilé gbóná, má baà já yín kulẹ̀ nígbà òtútù, ẹ jẹ́ n sọ tèmi, torí ojú mi rí i.

Ìparí oṣù kejì ọdún 2018 ni, òtútù tí wọ́n ń pè ní Beast from the East yẹn, yìnyín bo gbogbo títì, màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn wá bá wa wẹ ọmọ, ọmọ náà ò tíì pé oṣù méjì. Mo jí ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí, mo fọwọ́ kan rédíétọ̀, irin ara ògiri tí omi gbóná bọ́ílà ń gbà kọjá, ó tutù rinrin, mo lọ wo bọ́ílà, iná pupa ń ṣẹ́jú lára ẹ̀, ó ń dún gúlúgúlú bí ẹni tómi há lọ́fun. Mo pe láńdíọ̀dù, kò gbé e. Mo pe ẹnjiníà mẹ́ta, gbogbo wọn ní ó di ọjọ́ kẹta, torí òtútù tó mú ilé tèmi ló mú gbogbo àdúgbò.

Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, màámi ti wọ kíṣìnì, wọ́n tan ojú gáàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n pa ilẹ̀kùn àti fèrèsé dé pinpin, wọ́n gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ wọ́n ń kọrin fún un. Wọn ò rò ó níbi o, àánú ọmọ ló ń ṣe wọ́n. Mo ní "Màámi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pa á, ẹ pa á!", wọ́n bínú sí mi títí di ọ̀sán. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ bí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n tàn sí kọ́rídọ̀ ṣe ń pa odidi ẹbí mọ́jú ní Nàìjíríà, carbon monoxide kan náà ni, afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára ohun tó ń jó, kò lóòórùn, kò ṣeé fojú rí, ojú oorun ló ti máa ń mú èèyàn lọ. Gáàsì ìdáná ni o, èédú ni o, ẹ má fi múlé gbóná láé. Ẹ ra alámù tó ń dún tó bá gbúròó ẹ̀, ẹ máa tẹ bọ́tìnì ẹ̀ wò lóṣooṣù, tó bá dún kẹ́ ẹ ṣí fèrèsé, kẹ́ ẹ gbọ́mọ jáde, kẹ́ ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì gáàsì, 0800 111 999, tọ̀sán tòru ni wọ́n ń gbé e.

Nígbà tí ẹnjiníà wá dé, iṣẹ́ tó ṣe ò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó jáde sẹ́yìnkùlé, ó da omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sára páìpù rọ́bà funfun kan tó yọ lára ògiri, ó wọlé, ó tẹ bọ́tìnì reset tó ń tún un tàn, bọ́ílà gbiná. Ọjọ́ mẹ́ta la fi jìyà! Bọ́ílà òde òní máa ń ṣe omi díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, páìpù tínńrín yẹn lomi ọ̀hún ń gbà jáde, tó bá dì sínú ẹ̀ kò ní rọ́nà lọ mọ́, bọ́ílà á sì pa ara ẹ̀. Torí náà ẹ lọ wá páìpù yẹn kàn báyìí tí ojú ọjọ́ ṣì dáa, ẹ ra fóòmù tí wọ́n fi ń wé páìpù, ẹ wé e. Tó bá dì, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni o, kì í ṣe híhó, híhó lè la páìpù, tó bá sì ga ẹ má gun àkàbà nínú yìnyín. Ẹ tún máa wo pressure, ìyẹn agbára omi inú ẹ̀, níwájú bọ́ílà, láàárín 1 sí 1.5 bar ló yẹ kó wà tí kò bá tíì gbóná. Àmọ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ tú ideri ẹ̀, ẹnjiníà tó ní káàdì Gas Safe, ìyẹn ìwé àṣẹ iṣẹ́ gáàsì, nìkan ló nìyẹn. Tó bá jẹ́ mítà tẹ́ ẹ ń kówó sí ni, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá owó ló tán.

Híítà oníná tó ní epo nínú, ẹ ra ọ̀kan ó kéré tán kí oṣù kẹwàá tó parí, torí nígbà tí mo sáré jáde lọ́jọ́ yẹn, ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ni mo dé, ó ti tán ní gbogbo ẹ̀. Ara sókẹ́ẹ̀tì ògiri ni kẹ́ ẹ ki púlọ́ọ̀gì ẹ̀ bọ̀ ní tààrà, kì í ṣe ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n, ẹ má sì sá aṣọ lé e. Yàrá kan ṣoṣo ni kí gbogbo yín kó sí. Ti ọmọ, ẹ ra tẹmómítà, láàárín 16 sí 20°C ni wọ́n ní kí yàrá ọmọ wà, ẹ má torí òtútù di bùláńkẹ́ẹ̀tì jọ lé e lórí, ẹ má sì fi rọ́bà omi gbóná sí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀.

Ti láńdíọ̀dù, òfin onílé àti ayálégbé ọdún 1985 ti gbé àtúnṣe bọ́ílà lé e lọ́rùn, àmọ́ èmi kàn ń pè é lórí fóònù ni, nígbà tọ́rọ̀ wá di awuyewuye ó ní òun ò tètè gbọ́, mi ò sì ní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́. Ẹ kọ ímeèlì sí láńdíọ̀dù ní wákàtí tí bọ́ílà bá kú gan-an, kẹ́ ẹ ya fọ́tò iná pupa yẹn mọ́ ọn.